Pàǹdòrò fún Ọmú Bàbá Mi

Aṣọ ni mo ń fọ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Ọyẹ́ ti wọlé, omi kànga ilé wa ti fà sílẹ̀, mo sì gbé agbọ̀n aṣọ Bàbá mi lọ sí odò. Mo tẹ́ bùbá rẹ̀ kan sórí òkúta, mo fẹ́ fi ọṣẹ kàn án, ni mo bá rí àbàwọ́n kan ní apá òsì, níbi tí ọmú èèyàn ń gbé. Ó pupa rẹ́súrẹ́sú láàárín, ó ní àwọ̀ ìyeyè yí ká, ó sì ti gan mọ́ aṣọ. Mo rò pé oje igi ni. Mo gbé e sí imú. Ó ń rùn bí ẹran tó sùn mọ́jú láì rí iná. Mo tú agbọ̀n náà sílẹ̀ lórí koríko, mo ń wo àwọn bùbá yòókù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló ní àbàwọ́n lójú kan náà.

Ìlú Ṣakí là ń gbé nígbà náà, ó ku bí ọdún kan kí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá ní 1979. Mo ti kúrò lọ́mọdé. Mo ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́wọ́, ọkùnrin kan tó ń ṣe tíṣà ní Ilua sì ti tọrọ mi lọ́wọ́ àwọn òbí mi. Iṣu àti ọkà bàbà ni Bàbá mi ń gbìn. Ó sanra léjìká, ó máa ń kọ ebè tó ga dé orúnkún, tí wọ́n bá sì ń ṣe ọ̀wẹ̀ lóko ẹnikẹ́ni, òun ni wọ́n máa ń fi ṣáájú. Àwọn ọkùnrin a máa bọ́ra sílẹ̀ tí iṣẹ́ bá ti gbóná, wọn a fi aṣọ kọ́ orí igi. Ọdún yẹn ni mo gbé oúnjẹ lọ bá wọn lóko lọ́jọ́ kan, tí mo rí i pé Bàbá nìkan ni kò bọ́ra. Òógùn ti mú kí bùbá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Àbí ìwọ náà ti di ìyàwó ilé ni, tí o ń bo àyà?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Èmi pàápàá bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo ti odò dé, mo bá a lábẹ́ igi ọ̀dàn iwájú ilé.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ yín."

"Ẹ̀gún ló fà mí ya."

"Lára gbogbo aṣọ?"

Ó wò mí títí ojú mi fi walẹ̀. Ó ní kí n lọ sá aṣọ. Mo lọ sá aṣọ.

Ó ṣe díẹ̀ lẹ́yìn náà, Màámi lọ sí ọjà ẹnubodè níbi tó ti ń ra aṣọ wá tà, àwọn àbúrò mi ọkùnrin wà lóko, ilé sì dá. Bàbá pè mí wọ yàrá rẹ̀. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó kẹ̀yìn sí fèrèsé. Lẹ́yìn náà ó ká bùbá rẹ̀ sókè títí dé ọrùn, ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, gẹ́gẹ́ bí ọmọdé tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́.

Orí ọmú rẹ̀ ti òsì ti wọlé sínú bí ìdodo. Awọ tó yí i ká le, ó rí kókó-kókó bí èèpo ọsàn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì ti là, ó ń ṣomi. N kò wo àyà Bàbá mi bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ojú tì mí débi pé ògiri ni mo ń wò nígbà tí mo béèrè pé ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Láti ìgbà iṣu tuntun èṣí. Bí ẹyọ ẹ̀wà kan báyìí ló ṣe rí lábẹ́ awọ. Kò dùn mí. Mo ní yóò lọ."

"Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù, Bàbá."

"Kí n lọ wí pé kí ni? Pé ọmú ń dùn mí? Ta ni mo ń fún lọ́mú?"

Mo lọ wò ó bóyá ilẹ̀kùn tì dáadáa.

"Wọn yóò tò mí mọ́ àwọn abiyamọ lórí bẹ́ǹṣì," ó ní. "Ẹni tó bá mọ̀ mí yóò kọjá, yóò kí mi, yóò ní, 'Kí lẹ wá ṣe níbí?'"

"Màámi ńkọ́?"

"Tí ìyá rẹ bá gbọ́, ọjà gbọ́."

Ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé kì í ṣe ẹnu Màámi ló ń bà á lẹ́rù. Ojú Màámi ni.

Bàbá ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ní Ìgànná, ìyá àgbà kan tó ń yan gàrí, tó sì mọ ìtọ́jú ọmú àwọn abiyamọ. Ìyá Ìgànná là ń pè é. Bí wàrà bá dì lọ́mú obìnrin, tàbí tí eéwo bá sọ ọ́ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Bàbá ní kí n lọ bá a. "Má dárúkọ mi," ó ní. "Sọ pé ọ̀rẹ́ rẹ ni."

Mọ́tò akẹ́rù ni mo wọ̀ lọ. Nígbà tí mo dé, eruku ilẹ̀ pupa ti kùn mí lójú, Ìyá Ìgànná sì kọ́kọ́ fi omi fọ ojú fún mi bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ ni mí. Ó ń ro gàrí nínú agbada, èéfín bo gbogbo àgbàlá. Mo sọ ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi fún un.

"Ọmú ọ̀rẹ́ rẹ yìí, ṣé ó gbóná ni, àbí ó kàn le?"

"Ó le, Ìyá."

"Ṣé ó ti bímọ?"

Mo ronú díẹ̀. "Ó ti bímọ."

"Ṣé ó ń dùn ún?"

"Kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ún."

Ó dá ọwọ́ dúró lórí agbada náà. Ó ní, "Èyí tó gbóná tó ń dunni, mo mọ ojú rẹ̀. Èyí tó le bí òkúta tí kò sì dunni, jẹjẹrẹ lè wà nídìí rẹ̀. Pàǹdòrò ni mo ń lò. Ó ti bá mi gbẹ egbò àwọn kan. Àwọn mìíràn kò gbọ́, mo sì bá wọn sin òkú wọn. Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ kó má fi mọ sí ọ̀dọ̀ mi nìkan. Kó lọ fi han dókítà."

Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èso tó ti gbó ni kí n gé wẹ́wẹ́, kí n sá a títí yóò fi gbẹ kangan, kí n lọ̀ ọ́ kúnná, kí n pò ó mọ́ òrí, ká máa fi pa ojú rẹ̀. Èèpo igi náà ni kí n sè, ká máa fi omi rẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ egbò. Ó fà mí létí pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi èso tútù rẹ̀ sẹ́nu, nítorí májèlé ni. Nígbà tí mo dìde, ó wo àyà mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Àbí ìwọ gan-an ni ọ̀rẹ́ náà?"

N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, n kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ṣáà rẹ́rìn-ín.

Mo jíṣẹ́ náà fún Bàbá bó ṣe rán mi, títí kan ti dókítà. Ṣùgbọ́n ibi tó wù ú ló gbọ́. "Pàǹdòrò," ó ní. "Ó dáa. Wá pàǹdòrò lọ."

Ẹni tí kò bá gbé agbègbè wa lè má mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Pàǹdòrò kì í ṣe igi tí ọmọbìnrin ń lọ sídìí rẹ̀ ní gbangba. Èso rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro láti orí ẹ̀ka bí iṣu tí wọ́n fi okùn so kọ́, ó gùn ju apá èèyàn lọ, ẹnikẹ́ni kì í jẹ ẹ́. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́ ni ọmú. Ọmọge tí àyà rẹ̀ bá pẹ́ kó tó yọ, òun ni wọ́n ní ó ń yọ́ lọ síbẹ̀ kí èso rẹ̀ lè bá a wú u. Àyà tèmi sì pẹ́ kó tó yọ. Ká sọ òtítọ́, kò tíì yọ dáadáa lọ́dún náà, àwọn tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ sì mọ̀, torí pé àwa la máa ń fi ìwọ̀n ara wa kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé bùláòsì.

Igi tí mo mọ̀ wà lẹ́yìn odò, lójú ọ̀nà oko. Mo mú ọ̀pá kan tí mo so dòjé mọ́ lórí, mo jáde ní ìdájí. Ṣùgbọ́n ọ̀pá náà kúrú, mo ń fò sókè, èso náà kàn ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nígbà tí èyí àkọ́kọ́ fi já, oòrùn ti yọ, àwọn obìnrin tó ń lọ ṣẹ́ igi ti dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ń wò mí. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìyá ẹni tí a jọ ń kọ́ṣẹ́. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyàwó," ó sì bo ẹnu rẹ̀.

Kí n tó dé ìsọ̀ aránṣọ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti fi mí kọrin.

Pàǹdòrò, bá mi wú u o,
ọkọ mi ń bọ̀ l'Álàmísì;
bí kò bá kún ọwọ́,
kó ṣáà kún ojú.

Ọ̀gá wa lé wọn pé kí wọ́n dákẹ́, ṣùgbọ́n òun pàápàá ń rẹ́rìn-ín. Mo tẹ orí ba, mo ń yí ẹ̀rọ. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé òwú ti tán nínú abẹ́rẹ́ mi, mo kàn ń gún aṣọ lásán ni.

Màámi ti ọjà ẹnubodè dé, wọ́n sì ti sọ fún un kó tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó bá èso náà níbi tí mo sá a sí lẹ́yìn ilé. Ó mú awẹ́ kan, ó ń fì í níwájú mi.

"Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ní ìlú yìí ni? Ọmú tí Ọlọ́run fún ẹ kò tó ẹ? Kí lo fẹ́ kí àwọn ará Ilua sọ? Pé a ń fi oògùn wú ọmọ wa bí ẹni ń wú búrẹ́dì?"

Bàbá wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí ẹní ìkírun rẹ̀, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Mo wò ó. Mo rò pé yóò sọ nǹkan kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kó kàn ní, "Fi ọmọ sílẹ̀." Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí tẹ̀sùbáà, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ náà kò lọ mọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo ló dì mú. Mo ní kí Màámi má bínú, mo ní èmi kò ní jẹ́ kí àwọn èèyàn rí i mọ́. Bàbá kò gbójú sókè.

Àfẹ́sọ́nà mi náà gbọ́. Ó gun kẹ̀kẹ́ alùpùpù ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá láti Ilua, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀, ó ń fi àtàǹpàkò pa ọwọ́ alùpùpù náà bí ẹni ń nù ún.

"Ṣé mo ti sọ ohun kan tó dùn ẹ́ rí ni?" ó bi mí.

"Rárá."

"Èmi ò ní kí nǹkan kan tóbi. Èmi ò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ pàǹdòrò."

Mo fẹ́ sọ fún un. Ọ̀rọ̀ náà dé etí ètè mi. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ wí? Pé ọmú Bàbá mi ni? Ẹnu mi kò lè gbé gbólóhùn yẹn. Mo ní, "Ẹ máa lọ, ilẹ̀ ń ṣú," nígbà tí oòrùn ṣì wà ní ojú ọ̀run.

Lẹ́yìn ìrun àlàásárì, tí Màámi bá wà lọ́jà, ni mo máa ń tọ́jú Bàbá. Mo ń fi omi èèpo náà wẹ egbò, mo ń fi ìyẹ́ adìyẹ pa òrí àti pàǹdòrò sí i. Òun a máa wo òkè àjà, èmi a máa wo ìyẹ́ náà. Nígbà tó ṣe, òórùn rẹ̀ dínkù. Omi tó ń jáde rẹlẹ̀, etí egbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Inú Bàbá dùn. Ó ní, "O ò rí i? Àwọn dókítà ì bá ti gbé ọ̀bẹ." Inú mi náà dùn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tó gbé apá sókè, mo rí kókó kan ní abíyá rẹ̀, ó tóbi tó ẹyin ẹyẹlé. Mo fi ọwọ́ kàn án. Ó le. Bàbá rí ojú mi, ó sì sọ apá kalẹ̀ kíá.

Àkísà tí mo fi ń nu egbò ni mo ń lọ fọ̀ lódò. Ẹnìkan rí wọn, ó rí ọyún àti ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ sì yí padà. Kì í ṣe pé mo ń wú ọmú mọ́. Wọ́n ní ọmú mi ń jẹrà. Wọ́n ní àrùn náà wà lára mi tipẹ́, pé pàǹdòrò ni mo fi ń bò ó mọ́lẹ̀ títí wọn yóò fi gbé mi wọlé ọkọ. Orin tán. Àwọn tó ń kọrin tẹ́lẹ̀ kò jẹ́ fi ife mi mu omi mọ́. Mo ṣàárò orin náà.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, àwọn ará Ilua dé. Ìyá àfẹ́sọ́nà mi ni, pẹ̀lú bàbá àgbà kan tó jẹ́ olórí ẹbí wọn, àti àfẹ́sọ́nà mi fúnra rẹ̀, tí kò gbójú sókè. Bàbá àgbà náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"A kò wá jà, àna wa. Ọ̀rọ̀ kan ló dé etí wa, etí ò sì lè gbé e mì. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju pé kí ìyàwó wa wọ yàrá pẹ̀lú àwọn ìyá méjèèjì, kí wọ́n bá wa wo àyà rẹ̀. Tí kò bá sí nǹkan kan, ẹnu ayé á pa."

Màámi dìde. "Ọmọ mi kì í ṣe ewúrẹ́ ọjà tí ẹ ó máa yẹ̀ wò!" Ṣùgbọ́n ó yíjú sí mi, mo sì rí iyèméjì lójú òun náà. "Dá wọn lóhùn," ó ní. "Sọ fún wọn pé irọ́ ni." Mo mọ̀ pé bí mo bá ní irọ́ ni, wọn yóò ní ta wá ni ó ni àkísà. Màámi gbá mi lọ́wọ́ mú. "Ó dáa, jẹ́ kí wọ́n wò ó, kí wọ́n máa lọ." Mo di òpó ilẹ̀kùn mú. Ìyá àfẹ́sọ́nà mi ti dìde, ó ń bọ̀.

"Ẹ jókòó," Bàbá ní.

Ó ti dìde. Ó ń tú bọ́tìnnì bùbá rẹ̀. Ó fi ipá fa bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ títí ó fi já bọ́ sílẹ̀. Aṣọ náà ti lẹ̀ mọ́ oògùn, ó fà á, ó já, òórùn òrí àti ti egbò sì kún inú ilé. Ó dúró ní ìhòòhò àyà ní àárín àwọn àna rẹ̀.

"Ọmú tí ẹ ń wá nìyí. Èmi ni mo ni ín. Kò sí àrùn lára ọmọ mi. Ìtìjú tèmi ló ń bá mi rù kiri."

Ní ilé kejì ẹnìkan ń gúnyán, a ń gbọ́ ọmọ odó. Bàbá àgbà láti Ilua gbé ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá àfẹ́sọ́nà mi, tó wà ní ìdúró, lọ ti ilẹ̀kùn kí àwọn ọmọ tó ń ṣeré níta má baà rí i. Màámi kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, ó sún mọ́ ọn, ó wò ó bí ẹni ń wo abẹ́rẹ́ tó sọnù. Ó ní, "Láti ìgbà wo?" Màámi tú gèlè orí rẹ̀, ó fi bò ó láyà.

Ẹ ó rò pé ara tù mí. Ara kò tù mí. Mo sáré jáde lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo jókòó sáàárín igi ìdáná, ojú ń tì mí bí ẹni pé èmi ni wọ́n tú sí ìhòòhò. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wà ní orí mi, mo mọ bí mo ṣe lè gbé e. N kò mọ bí mo ṣe lè máa wo Bàbá mi lẹ́yìn tí àwọn àna mi ti rí i bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni Màámi bá mi. Mo rò pé yóò bẹ̀ mí nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ sí mi. Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọge ni mo ti ń gbé ilé ọkùnrin yìí. Ìwọ ló wá mọ ohun tó wà lábẹ́ aṣọ rẹ̀." Ó fi etí ìró nu ojú, ó wọlé. Ọ̀rọ̀ yẹn wà láàárín èmi àti Màámi títí òun náà fi kú.

Bàbá àgbà láti Ilua kò bá àwọn tó kù lọ. Ó sùn sí ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ṣakí, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ó wá pẹ̀lú ọkọ̀ pikọ́ọ̀bù kan. Ó jókòó ti Bàbá mi, ó ní, "Àna mi, àrùn kì í béèrè bóyá akọ ni èèyàn tàbí abo kó tó wọlé. Ẹ dìde ká lọ." Bàbá dìde.

Ní ọsibítù Ṣakí wọn kò pẹ́ lórí rẹ̀. Wọ́n kọ̀wé fún wa, wọ́n ní kí a máa gbé e lọ sí Ìbàdàn. Dókítà tó gbà wá níbẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, Yorùbá rẹ̀ sì dán. Ó fi ọwọ́ yẹ ọmú náà wò, ó yẹ abíyá méjèèjì wò. Ó ní jẹjẹrẹ ọmú ni, ó ti ń rìn, àwọn yóò sì ní láti gé e.

Bàbá kò béèrè nípa ọ̀bẹ. Ohun tó béèrè ni pé, "Dókítà, ṣé ẹ ti rí i lára ọkùnrin mìíràn rí?"

"Mo ti rí i, Bàbá. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà. Àwa ọkùnrin náà lọ́mú. Tiwa ni kò kàn dàgbà."

"Ọkùnrin tó níyàwó?"

"Tó níyàwó, tó lọ́mọ, tó ń roko bíi tiyín."

Bàbá yíjú sí ògiri, ó sì sunkún. N kò rí i kó sunkún rí, àní nígbà tí ìyá rẹ̀ kú.

Dókítà náà wá kọjú sí mi. "Kí lẹ ti ń fi sí i?"

"Ewé ni, sà."

"Ewé wo?"

Nọ́ọ̀sì méjì wà nítòsí. Mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ní kí n tún un sọ. "Pàǹdòrò." Ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì náà bú sẹ́rìn-ín. Etí mi gbóná. Dókítà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó bi mí bí mo ṣe ṣe é, èèpo ni tàbí èso, tútù ni tàbí gbígbẹ, ó sì fetí sílẹ̀. Ó ní àwọn olùkọ́ kan wà ní yunifásítì tí wọ́n ń wo àwọn igi ilẹ̀ wa bóyá wọ́n lágbára lórí jẹjẹrẹ, pé òun fẹ́ kí wọ́n wo èyí náà.

"Ṣé ó lè wò ó sàn?" mo bi í. Ọkàn mi ti fò sókè.

"N kò mọ̀," ó ní. "Ó lè jẹ́ pé òun ló gbẹ ojú egbò náà, tó pa òórùn rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú rẹ̀ ń gbẹ, ìdí rẹ̀ ń rìn lọ sí abíyá. Tí omi igi kan bá pa jẹjẹrẹ nínú ìgò, ara èèyàn kì í ṣe ìgò. Ọ̀nà jìn láàárín méjèèjì. Ká ní ẹ ti wá lọ́dún tó kọjá ni..." Kò parí rẹ̀, Bàbá sì gbọ́.

Mo fi èso mélòó kan ránṣẹ́ sí i lẹ́yìn náà, nípasẹ̀ awakọ̀ kan. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀. Bóyá wọn kò tilẹ̀ rí àyè wò ó.

Wọ́n gé ọmú náà. Ó lé lọ́dún mẹ́ta tí Bàbá fi wà láàyè lẹ́yìn rẹ̀. Ó wà níbi ìgbéyàwó mi, nítorí àwọn ará Ilua kò padà lẹ́yìn mi. Ó gbé àkọ́bí mi lé ẹsẹ̀. Kò dá ọ̀wẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó ń lọ sóko, ó ń jókòó lábẹ́ igi ẹmì, ó ń júwe fún àwọn àbúrò mi ọkùnrin bí wọn yóò ṣe ṣe é.

Mo wà nílé rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkùnrin kan wá láti abúlé kan lọ́nà Ìsẹ́yìn. A kò mọ̀ ọ́n rí. Ó jókòó, ó sọ̀rọ̀ òjò, ó sọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń ta èlùbọ́, ó mu omi, kò lọ. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́ pé..." Ó fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀ fẹ́ẹ́, bí ẹni ń lé eṣinṣin. Bàbá wò ó. Mo rí i bí ojú ṣe ń ti Bàbá, ojú tì í gan-an, ọrùn rẹ̀ ń lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ó ká bùbá rẹ̀ sókè, ó fi ojú àpá náà han ọkùnrin náà. "Ibi tí wọ́n gé nìyí," ó ní. "Má ṣe bíi tèmi. Lọ lọ́la." Ọkùnrin náà béèrè pàǹdòrò. Bàbá ní, "Ọmọ mi yóò fún ẹ, tí egbò bá wà. Ṣùgbọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà ná." Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, Bàbá wọ yàrá, kò sì jáde títí di ọjọ́ kejì.

Ẹ̀yìn ló bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún níkẹyìn. Jẹjẹrẹ náà ti wọ eegun. Nígbà tó kú, tí àwọn èèyàn ń béèrè ohun tó ṣe é, àwọn àgbà ilé ní ẹ̀yìn ríro ni. Èmi náà ní ẹ̀yìn ríro ni. Mo ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, fún àwọn ọmọ mi pàápàá.

Lọ́jọ́ kan, ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1980, nọ́ọ̀sì kan wá sí ìpàdé àsàláátù àwa obìnrin ní Ilua, láti kọ́ wa bí obìnrin ṣe ń fi ọwọ́ yẹ ọmú ara rẹ̀ wò. Ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú wa ní ẹbí tó ti ṣe àrùn yìí rí. Gbogbo wa wo ilẹ̀. Nígbà tó ṣe, mo nawọ́ sókè.

"Ìyá yín ni?" ó bi mí. "Àbí ẹ̀gbọ́n yín?"

"Bàbá mi ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ẹnu mi ló ṣì sọ. Ẹni tó jókòó tì mí fa aṣọ mi, ó ní kí n tún un sọ dáadáa. Ara mi ń gbóná, òógùn ti bò mí lábẹ́ ìborùn, bí ẹni pé mo wà ní ìsọ̀ aránṣọ. Mo dìde dúró kí wọ́n lè gbọ́ mi, mo sì sọ pé Bàbá mi ni, ọkùnrin, àgbẹ̀, ọmú òsì.